Tábìlì Abẹ́ Fèrèsé

Wọ́n ti mú olè kí n tó dé ibi tí wọ́n ti jalè. Bí Ulate, ọlọ́pàá abẹ́ mi, ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tí nǹkan bá sọnù lábúlé Tindale, yóò wo ojú gbogbo èèyàn tó wà nítòsí, yóò mú ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí nínú wọn, yóò wá lọ jókòó sábẹ́ igi àgbọn kó máa jẹ pátí ẹlẹ́ran. Òróró pátí náà ṣì ń dán létè rẹ̀ nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi," ó ní. "Ẹ ò bá má tiẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ó ti parí."

"Kí ló parí? Ṣé pátí yẹn ni àbí iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ?"

"Iṣẹ́ ni, ọ̀gá. Elroy Chambers ló jí fèrè náà. Ó wà nínú ọkọ̀ wa níbẹ̀ yẹn, mo ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Mọ́tò ilé-ẹjọ́ ń bọ̀ wá gbé e nírọ̀lẹ́."

"Fèrè ọ̀hún ńkọ́?"

Ó gé pátí rẹ̀ jẹ. "Ìyẹn la ò tíì rí."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ mí, Dalila Pinnock ni orúkọ mi. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mí nílé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú Limón létí òkun, ìlú náà ni wọ́n sì bí mi sí. Àwọn ọ̀gá mi máa ń sọ pé mi ò ní sùúrù fún òmùgọ̀. Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Mi ò tíì rí òmùgọ̀ kan tí sùúrù wò sàn.

Fèrè idẹ tó sọnù yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣeré. Bàbá bàbá Míìsì Orinta Chambers ló gbé e wá láti Jàmáíkà nígbà tí wọ́n kó wọn wá la ọ̀nà rélùwéè. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù Kẹjọ, tí àwa ènìyàn dúdú etí òkun yìí bá ń ṣe àjọ̀dún ìtàn àti àṣà wa, ẹnì kan láti ilé Chambers ló máa ń fọn ọ́n níwájú ìwọ́de. Kò sẹ́ni tó ń gbẹ́sẹ̀ kó tó dún. Míìsì Orinta kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, Elroy ọmọ ọmọ rẹ̀ ló sì fi fèrè lé lọ́wọ́ kó tó dákẹ́. Ọ̀la ni ìwọ́de.

Ohun tó wá le jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀wọ̀n Elroy ò tíì pé. Ilé-ẹjọ́ kàn gbà pé kó wá lo ìyókù rẹ̀ nílé ni, pẹ̀lú àdéhùn pé tí wọ́n bá tún fi ẹ̀sùn kan ṣoṣo kàn án, yóò padà sínú ọgbà lọ parí rẹ̀. Tí mọ́tò ìrọ̀lẹ́ yẹn bá fi lè gbé e lọ, ó di ọdún gbọọrọ kó tó tún fojú kan òkun.

Mo fi Ulate sílẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀, mo lọ sílé Míìsì Orinta.

Ilé pákó ni, ó ga lórí òpó bí gbogbo ilé àtijọ́ etí òkun wa. Míìsì Verlin, àbúrò olóògbé, dúró lórí àkàsọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ń wo Ulate lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni ń wo eku nínú ìkòkò ọbẹ̀.

"Ọmọ Pinnock," ó ní, "ṣé o mọ̀ pé bàtà lọmọ yẹn fi wọ yàrá òkú?"

"Mo gbà á gbọ́, Míìsì Verlin. Kò sóhun tí kò lè ṣe."

"Ó tún lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. Èmi! Èmi tí mo wẹ òkú ẹ̀!"

Mo ya bébà ọ̀hún dànù, mo bọ́ bàtà mi, àwa méjèèjì sì wọlé. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri inú, kọ́bọ́ọ̀dù kọjú sí ilẹ̀kùn, tábìlì kékeré kan wà lábẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkun. Wọ́n tẹ́ aṣọ léèsì funfun sórí tábìlì náà, ibi tí fèrè ti wà ṣì tẹ̀ wọnú aṣọ. Ìkọ́ fèrèsé ti dípẹtà, láti inú ni wọ́n sì ti há a, kò ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni na ọwọ́ wọlé tàbí kó yọjú wò láti ìta. Mo wo ilẹ̀. Láàárín yàrá gan-an, pákó ilẹ̀ ní ojú mẹ́rin tó mọ́ ju ìyókù lọ, bí ibi tí ohun wúwo kan ti dúró sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mi ò béèrè nǹkan kan nípa wọn. Ọmọ etí òkun ni mí.

"Ìgbà wo lẹ rí fèrè náà kẹ́yìn, Míìsì Verlin?"

"Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo nù ún kó lè dán. Lẹ́yìn náà ni gbogbo abúlé lọ sí pápá ilé ìwé lọ wo bándì tó ń gbára dì. Nígbà tí a dé, ó ti rẹ̀ mí, mi ò wọ yàrá. Àárọ̀ yìí ni Elroy wọlé láti gbé e, ló bá di pé kò sí mọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló sáré lọ pe ọlọ́pàá, wọ́n bá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kí i kú iṣẹ́."

"Ilẹ̀kùn iwájú ńkọ́?"

"Ta ló ń ti ilẹ̀kùn ní Tindale?"

Elroy jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Ojú rẹ̀ le koko, ti ẹni tó ti sọ òótọ́ títí tó ti sú u.

"Mo jí alùpùpù," ó ní kí n tó la ẹnu. "Mo jẹ́wọ́ ẹ̀, mò ń jìyà ẹ̀. Ṣé bí mo ṣe máa wá jí ohun tó jẹ́ tèmi nìyẹn? Kí n tún fi ẹsẹ̀ ara mi lọ pe ọlọ́pàá?"

"Wọ́n ní o fi pápá sílẹ̀ lánàá nígbà tí bándì ń lu ìlù. Ẹnì kan rí ẹ, o mú nǹkan kan tí o fi aṣọ wé dání, o ń lọ sọ́gbà Don Chepe tó ń ra idẹ àti irin àlòkù."

"Mo lọ. Ṣé mo sọ pé mi ò lọ ni?"

"Ẹ ò gbọ́ ọ, ọ̀gá?" Ulate ti tọ̀ mí lẹ́yìn, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ó ti jẹ́wọ́!"

"Kí lo gbé lọ síbẹ̀?" mo bi Elroy.

Ó wo Ulate, ó wò mí. "Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ̀gbẹ́ni yìí láàárọ̀, ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Ẹ lọ bi Chepe. Tó bá ti ẹnu tèmi jáde, irọ́ náà lẹ máa pè é."

Ọgbà Chepe wà lẹ́yìn afárá, àkìtàn irin ni láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kí n tó kí baálé ilé tán, Ulate ti rì wọ àárín àkìtàn náà dé orúnkún. Kò pẹ́ tó fi pariwo.

"Ọ̀gá! Mo ti rí i! Idẹ ni! Ó ní ẹnu, ó sì tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ!"

Chepe, ọkùnrin abìkùn tí iná ìjórin ti jó irun ọwọ́ rẹ̀ dànù, wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ mi, ẹnu ẹ̀rọ omi nìyẹn. Tí o bá lè fọn ọ́n, máa gbé e lọ."

"Don Chepe," mo ní, "kí ni Elroy gbé wá fún yín lánàá?"

"Haa, nǹkan kékeré kan ni." Ó ki ọwọ́ bọ inú agolo kan, ó sì fi nǹkan kan há mi lọ́wọ́. Ẹnu fèrè ni, èyí tí afọnfèrè máa ń gbé sí ètè, tó ṣeé yọ. "Ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bẹ̀ mí kí n jó o pọ̀, kí afẹ́fẹ́ má lọ máa jò lójú gbogbo ayé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó o tán láàárọ̀ yìí ni."

"Fèrè fúnra ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò gbé e wá. Ó ní Míìsì Verlin ò ní jẹ́ kó jáde nílé kó tó di ọjọ́ ìwọ́de."

Mo fi ẹnu fèrè sápò. Nígbà tí a ń padà lọ, mo mọ̀ pé Ulate ń gbìyànjú láti ronú, nítorí iwájú orí rẹ̀ ti ń làágùn.

"Ṣùgbọ́n ọ̀gá," ó wí níkẹyìn, "ó ṣì lè jẹ́ òun ló gbé ìyókù pa mọ́."

"Gbọ́ mi dáadáa, Ulate, mi ò ní tún un sọ. Fèrè tí kò lẹ́nu ò lè dún. Ẹni tó bá fẹ́ fọn ọ́n, ẹnu ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún idẹ, ọ̀dọ̀ Chepe nìkan ni wọ́n ti ń rà á ní agbègbè yìí, kò sì débẹ̀. Elroy sì wà lára àwọn tó mọ̀ pé ẹnu ẹ̀ ò sí lára ẹ̀. Ta ló kù?"

"Ta ló kù, ọ̀gá?"

"Ẹni tí kò fẹ́ kó dún. Ẹni tó fẹ́ kí àwọn èèyàn kàn máa wò ó ni."

"Ta ló máa fẹ́ irú ìyẹn?"

"Nínú oṣù Kẹjọ, ní etí òkun yìí? Mo mọ ẹnì kan."

Dókítà Everald Scarlett ni alága ìgbìmọ̀ àjọ̀dún. Dókítà eyín ni, ṣùgbọ́n tí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé, kì í rántí eyín mọ́. Yóò bọ́ kóòtù sílẹ̀, yóò gbé ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ kan wọ̀ tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà sí láyà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo èèyàn ní arákùnrin òun àti arábìnrin òun. Ìyókù ọdún ló fi ń sọ fún àwọn tó ń wá yọ eyín lọ́dọ̀ rẹ̀ nílùú pé ọmọ Spain ni ìyá ìyá òun. Mo ti ń wò ó láti ọdún pípẹ́, ó sì máa ń rí mi lára bí ẹní jẹ oúnjẹ tó kan.

Inú gbọ̀ngàn ilé ìwé la ti bá a, níbi tí wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọ̀la. Àwọn obìnrin ń so òdòdó, àwọn oníbándì ń mu omi atalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìrẹsì àti ẹ̀wà olómi àgbọn ń ta sánsán láti ẹ̀yìnkùlé. Ara ògiri ni wọ́n kó àwòrán ìtàn wa sí. Mo wò wọ́n yí ká. Àwòrán Dókítà pẹ̀lú àwọn mínísítà pọ̀ ju àwòrán àwọn tó la ọ̀nà rélùwéè lọ. Tábìlì gígùn ìgbìmọ̀ wà lórí pèpéle, àga onítìmùtìmù kan sì wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ère ńlá kan tí wọ́n fi bébà àti àtè mọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, lórí àpótí pákó kan, ó ń dúró de kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ ìwọ́de. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ó dé fìlà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè síwájú ẹnu, ó ká ìka rẹ̀ kò.

"Kí ni bàbá yìí ń jẹ?" mo bi Dókítà.

"Ó ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ ni, Ìyáàfin Pinnock! Ó fi ọwọ́ sẹ́nu, ó ń ké sí wọn la inú igbó kọjá. Inú mi ni èrò yẹn ti wá." Ó gbé ọwọ́ lé àwòrán Áfíríkà tó wà láyà rẹ̀. "Ẹ má bínú pé ẹ bá mi báyìí. Ìròyìn fèrè yìí ti dà mí láàmú. Ohun ìní àwọn baba ńlá wa! Tó tún wá jẹ́ ọmọ inú ilé! Ẹ wo bí ìran ṣe ń bàjẹ́."

"Ẹ mọ fèrè náà dáadáa?"

"Ta ló mọ̀ ọ́n tó mi? Mo bẹ Míìsì Orinta títí kó jẹ́ kí n gbé e lọ sí mùsíọ́mù ńlá ní San José, olú-ìlú wa, kí gbogbo ayé lè máa wò ó nínú gíláàsì. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní fèrè kì í ṣe ẹja òkú tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ wò. Ẹ mọ bí àgbà ṣe máa ń ṣorí kunkun."

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Ní ọdún Àjíǹde, nígbà tí mo lọ kí i. Mi ò tíì tún tẹ ilé náà láti ìgbà yẹn. Iṣẹ́ ò jẹ́ n ráyè."

"Ẹ ò lè wá sí ìsìnkú?"

"Mo fi òdòdó ránṣẹ́."

"Mo rí i. Orúkọ yín tóbi lára rẹ̀ ju orúkọ òkú lọ." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ kó má tíì bínú. "Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan, Dókítà. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ júwe bí ẹ ṣe rí fèrè náà fún Ulate, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí mo ti bi léèrè, kò sẹ́ni tó lè sọ ju pé ó pupa, ó sì ń dán."

Mo mọ̀ pé kò ní lè kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rin ara rẹ̀ wọ kòtò, ẹ kàn ní kó sọ̀rọ̀. Ó na ọrùn, ó di ojú méjèèjì.

"Lórí tábìlì kékeré ló wà," ó bẹ̀rẹ̀, "lábẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkun, lórí aṣọ léèsì tó funfun báláú. Màmá jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lódìkejì. Ó na ìka sí i, ó ní, 'Everald, ọkàn gbogbo wa nìyẹn.' Omi bọ́ lójú mi."

"Ní ọdún Àjíǹde?"

"Ní ọdún Àjíǹde. Mo lè búra."

"Kì í ṣe pé ẹnì kan ló sọ fún yín láàárọ̀ yìí bí yàrá náà ṣe rí?"

"Ta ló máa sọ fún mi?" Ara rẹ̀ ti ń gbóná díẹ̀. "Ọmọ ọlọ́pàá yín yìí ti ti yàrá pa kí n tó dé abúlé. Ojú mi yìí ni mo fi rí i, Ìyáàfin. Kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi."

"Ó dáa. Ulate, ṣé o kọ gbogbo ẹ̀?"

"Mo kọ ọ́, ọ̀gá."

"Kí Dókítà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà kí o lọ mú Elroy wá, kí o sì bẹ Míìsì Verlin kó wá bá mi níbí. Bẹ̀ ẹ́ ni mo wí o, má pàṣẹ fún un."

Dókítà fọwọ́ sí i, ó fa ìlà gígùn sábẹ́ orúkọ rẹ̀ méjì-méjì.

Nígbà tí wọ́n fi dé, ọ̀rọ̀ ti tàn ká, gbogbo àwọn tó ń so òdòdó àti àwọn oníbándì ti pé yí wa ká. Elroy dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Míìsì Verlin kọ àga tí Dókítà sún fún un.

"Míìsì Verlin," mo ní, "nígbà ayé Míìsì Orinta, níbo ni tábìlì fèrè máa ń wà?"

"Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú òkùnkùn. Orinta ò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ sí fèrè yẹn rí. Ó ní iyọ̀ máa ń jẹ idẹ."

"Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ńkọ́?"

"Àárín yàrá. Ibẹ̀ ló wà láti ìgbà tó ti délé ọkọ."

"Ìgbà wo wá ni tábìlì dé abẹ́ fèrèsé?"

Ìyá àgbà náà wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá omi òkun ní iyọ̀. "Ọmọ Pinnock, kí ló ń ṣe ẹ́? Alẹ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni. Bí a ṣe kọrin tán, a yí gbogbo yàrá po bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, tábìlì, gbogbo ẹ̀. Kí ẹ̀mí Orinta bá padà wá, kó má dá ibẹ̀ mọ̀, kó lè máa lọ sinmi. Bí a ṣe ṣe fún ìyá tìẹ náà nìyẹn. Ìgbà yẹn ni tábìlì dé abẹ́ fèrèsé. Kò tiẹ̀ wù mí, torí iyọ̀, ṣùgbọ́n kò síbòmíì tó kù."

Obìnrin kan tó mú òdòdó dání kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo Dókítà, kódà àwọn tí kò tíì mọ ohun tó ti sọ.

"Ulate, ka ohun tí Dókítà fọwọ́ sí."

Ulate kà á láti orí dé ìdí, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Tábìlì abẹ́ fèrèsé. Bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọdún Àjíǹde. Ojú mi yìí ni mo fi rí i.

"Yàrá tí ẹ júwe yìí, Dókítà," mo ní, "kò sí irú ẹ̀ láyé ní ọdún Àjíǹde. Lẹ́yìn alẹ́ kẹsàn-án ló tó wà. Ẹni tó bá rí tábìlì yẹn lábẹ́ fèrèsé, lẹ́yìn ìgbà tí Míìsì Orinta ti wà nínú ilẹ̀ ló wọ yàrá ẹ̀. Ẹ sì ti sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó sọ fún yín, ojú yín lẹ fi rí i. Nígbà tí gbogbo abúlé wà ní pápá lánàá, ta ló wọlé?"

"Ó... èèyàn lè ṣì í rántí. Ọjọ́ ti pẹ́. Mo lè ti..."

"Everald." Míìsì Verlin ni. Kò pariwo. "Níbo lo wà ní alẹ́ kẹsàn-án?"

"Mo wà ní San José, Àǹtí mi. Ìpàdé pàtàkì kan ni. Ẹ mọ̀ pé ká ní mo lè..."

"A mọ ibi tó o wà. Gbogbo wa la rí ẹ. O wà nínú tẹlifíṣọ̀n ilé kejì, pẹ̀lú ẹ̀wù tó o wọ̀ yìí. Bí a ṣe ń ti bẹ́ẹ̀dì Orinta níbí, bẹ́ẹ̀ lò ń ṣàlàyé fún àwọn aláwọ̀ funfun yẹn bí wọ́n ṣe ń ti bẹ́ẹ̀dì òkú."

Ẹ̀rín bú nílé. Ọkùnrin yìí mọ àṣà náà débi pé ó ń kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò kàn sọ sí i lọ́kàn pé a máa ń ṣe é lóòótọ́ ni.

Mi ò tíì jẹ́ kó mí. "Elroy, gbé ọwọ́ ẹ sókè bí ẹni tó fẹ́ fọn fèrè."

Elroy gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè tòun ti ẹ̀wọ̀n, ó ká ìka rẹ̀ kò síwájú ẹnu. Gbogbo ojú kúrò lára rẹ̀ lọ sára bàbá oníbébà, wọ́n tún padà. Ọwọ́ kan náà ni.

"Ìgbà wo ni wọ́n gbé ère yìí dé?" mo béèrè.

"Ní oṣù Kẹfà," obìnrin olódòdó dáhùn. "A bi Dókítà kí ló fẹ́ fi ọwọ́ yẹn mú. Ó ní ká ṣì máa wò ó, a máa rí i."

Oṣù Kẹfà. Míìsì Orinta ṣì ń din ẹja fún ara rẹ̀ nígbà yẹn. "Ulate," mo ní, "lu àpótí tí bàbá yẹn dúró lé."

Ó lù ú, ó dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo. Ó yí i ká, ó rí pákó kan tó mì, ó fà á yọ. Nínú rẹ̀ ni fèrè wà, wọ́n fi ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ mìíràn tí wọ́n ya Áfíríkà sí láyà wé e.

"Mo fẹ́ dáàbò bò ó ni!" Dókítà ló ké bẹ́ẹ̀. "Lọ́la, níwájú mínísítà, mo fẹ́ gbé e fún mùsíọ́mù, fún gbogbo wa! Ẹ̀yin ò mọ iyì ohun tí ẹ ní. Ẹ fẹ́ kí iyọ̀ jẹ ẹ́ tán!"

"Orúkọ ta ló máa wà lára gíláàsì ọ̀hún?"

Ó fa ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tọ́.

"Kí lẹ sì fẹ́ sọ pé ẹ ti rí i? Pé ẹ gbà á lọ́wọ́ olè?" Mo sún mọ́ ọn. "Ẹ mọ àdéhùn tí ilé-ẹjọ́ bá Elroy ṣe. Gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ pé yóò padà sẹ́wọ̀n."

Ó gbọn èjìká. "Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe nǹkan tuntun sí irú wọn."

Mo ti mú apànìyàn rí, tí mo sì rí nǹkan díẹ̀ lára rẹ̀ tí mo lè bọ̀wọ̀ fún. Mo wo ọkùnrin yìí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mi ò rí kankan. Mo kórìíra rẹ̀ gan-an, inú mi sì dùn pé iṣẹ́ mi fún mi láyè láti ṣe nǹkan kan sí i.

"Ulate, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn. O mọ ọwọ́ tó yẹ kó wà."

Nígbà tí wọ́n tú Elroy sílẹ̀, fèrè ló kọ́kọ́ gbé. Ó yí i wò lọ́tùn-ún lósì, ó fi ọwọ́ nu ibi tó dọ̀tí.

"Ó dáa tó bá jẹ́ pé wọn ò tẹ ẹnu ẹ̀," Dókítà sọ bí Ulate ṣe ń tì í lọ, ó ṣì ń wá ọ̀nà láti jẹ́ ọlọ́gbọ́n. "Mo rọra gbé e."

"Ẹnu ẹ̀ wo?" Elroy bi í. "Kò lẹ́nu. Ẹ wò ó."

Dókítà bojú wẹ̀yìn. Ó wo fèrè náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé kò tíì wò ó rí. Mo yọ ẹnu fèrè Chepe lápò, mo gbé e fún ẹni tó ni ín. Nígbà tí mọ́tò ilé-ẹjọ́ dé nírọ̀lẹ́, a ò jẹ́ kó padà lófo.

Ní ọjọ́ kejì, Elroy dúró níwájú gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tí Míìsì Orinta ti rán sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n, kò jò rárá, ìwọ́de sì gbéra. Wọ́n ti so ère bébà mọ́ orí ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ráyè tú u. Ó tẹ̀ lé wa káàkiri abúlé tòun ti ọwọ́ òfìfo níwájú ẹnu, àwọn ọmọdé sì ń ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ìka rẹ̀.

Lẹ́yìn ìwọ́de, nígbà tí oòrùn ṣì mú, mo padà sí gbọ̀ngàn láti lọ gba àwo ìrẹsì tí wọ́n ti bù sílẹ̀ fún mi. Míìsì Verlin àti àwọn obìnrin kan wà níbẹ̀, wọ́n ti kó aṣọ wọn sókè. Wọ́n ti yí gbogbo àwòrán Dókítà kọjú sí ògiri. Wọ́n ti gbé pèpéle lọ sápá kejì. Àga onítìmùtìmù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ti wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ológbò kan sì ti sùn sórí rẹ̀. Tábìlì gígùn ìgbìmọ̀ nìkan ló kù láàárín ilé.

"Kí lẹ ń ṣe, Míìsì Verlin?"

"Wọ́n á tú Everald sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Irú wọn kì í pẹ́ níbẹ̀." Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbá etí tábìlì kan mú. "Tó bá padà wá, kó má dá ibí mọ̀. Gbé àwo yẹn kalẹ̀, ọmọ Pinnock. Gbá apá ibẹ̀ yẹn mú."

Mo gbé àwo kalẹ̀, mo gbá a mú, a sì gbé e.